Ìwé Tàbí Oògùn: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Náwó Lé ní Ẹ̀sà-Òkè?

Ẹ̀sà-Òkè àti Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà síra wọn. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ní nǹkan bí ọdún 1956, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí. Káàdì kan wà lára ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n fa ìlà sórí páálí. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì kékeré kan síbi tí ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí. Bí àmì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bó bá dúró lójú kan, ebi tàbí àìsàn ti ń ba ọmọ jà nìyẹn, kódà kí ojú ìyá tó rí i. Ìyá ló ń mú káàdì náà lọ sílé, nínú ọ̀rá kí omi má bàa bà á jẹ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti wá di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé.

Káàdì yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí wọ́n bá ti dá àbá pé kí ilé-ìkàwé ìlú, láíbìrì tá a mọ̀ sí ibi ìdákẹ́rọ́rọ́, máa kópa nínú ìlera aráàlú. Àwọn tó fara mọ́ àbá náà àti àwọn tó takò ó ló lè fi Ìmẹ̀sí jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó fara mọ́ ọn. Ìyá àgbà gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀ nínú àpò ìwé funfun kékeré, báírò ni wọ́n fi kọ “bd” sára rẹ̀. Ó dé ilé, ó fi han ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní JSS 2. Ọmọ pe lẹ́tà méjèèjì ketekete, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ní kí màmá lo ó, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un lédè tó yé e, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Nàìjíríà, òru kan péré ni àhesọ gba gbogbo ilẹ̀ pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Ìwé ìròyìn gbé e pé ó bá ẹ̀mí àwọn kan lọ. Lọ́dún 2020, àwọn kan l'Ékòó kó chloroquine jẹ nítorí Kòrónà títí wọ́n fi dèrò ọsibítù. Bí irú rẹ̀ bá tún dé lónìí, ta ni ará Ẹ̀sà-Òkè yóò bi léèrè kí ilẹ̀ tó mọ́? Fóònù ni, fóònù yìí kan náà tó gbé irọ́ wá.

Àwọn ìlú mìíràn ti gbìyànjú. Ní Tamale, lápá àríwá Gánà, láíbìrì dara pọ̀ mọ́ ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú oyún ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aláboyún. Láti ọdún 2013 ni àwọn láíbìrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àkójọ ìwé tí dókítà lè ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lọ yá. Ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí ilé kan lọ́dún 2016 tí kíléníìkì àti láíbìrì jọ wà nínú rẹ̀.

Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú láíbìrì tiwa ná. Ta ló ń jókòó síbẹ̀? Ọmọ tó ń múra JAMB ni, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì tó wá ka ìwé ìròyìn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ru lára rẹ̀ wà lóko tàbí lọ́jà. Ọdún 1953 ni UNESCO ti pe àwọn onímọ̀ jọ sí Ìbàdàn lórí bí Áfíríkà yóò ṣe ní ilé-ìkàwé tó wà fún tẹrú-tọmọ. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ò tíì rí i títí di òní. Ẹ̀sà-Òkè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ, ó sì jẹ́ ìlú olóògbé Bọ́lá Ìgè, gómìnà àtijọ́ tó máa ń kọ̀wé, nítorí náà ìwé kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì wà fún. Ìyá eléwébẹ̀ ò ní í gba géètì kọjá lọ bèèrè ohun tó ń jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Òṣómàáló ò sì ní í gbójú fo èrè owó. Bí ilé ìwòsàn alábọ́dé ò bá ní oògùn ibà, tí nọ́ọ̀sì ò tó, ojú wo la fi fẹ́ sọ fún wọn pé ìwé la fẹ́ rà? Àwọn tó ń takò náà á sì rán wa létí pé kò sí láíbìrì nínú ìtàn Ìmẹ̀sí. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, ìtọ́jú wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fa ìlà sórí páálí kí ìyá tí kò mọ̀wé lè rí i. Bí nọ́ọ̀sì kò bá sí, páálí lásán ni káàdì.

Ẹ̀rù mìíràn sì tún ń bà wọ́n. Ní Philadelphia yìí kan náà, lọ́dún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì McPherson ń fi naloxone jí àwọn tó lo oògùn olóró lálòjù láyìíká ibi iṣẹ́ wọn. Àwọn kan yìn wọ́n. Àwọn mìíràn ní ẹrù ìjọba ni wọ́n dì lé orí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìwé. Èmi gbà pẹ̀lú àwọn méjèèjì: ẹni tó wà nítòsí kò lè wòran, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ló wà nítòsí.

Lójú tèmi, àwọn tó ní oògùn ni kó ṣáájú ló jàre lórí owó. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni pé wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ìwé kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí a bá kọ́ ilé ńlá fún un. Morley fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó padà sílé, dá àjọ TALC sílẹ̀ lọ́dún 1965 láti máa ta ìwé ìlera lówó pọ́ọ́kú fáwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ó mọ̀ pé ìwé ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ ṣí yàrá kan sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn alábọ́dé Ẹ̀sà-Òkè. Ẹ gbé pẹpẹ ìwé kan síbẹ̀, ìwé Yorùbá tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Lọ́jọ́ ọjà, kí nọ́ọ̀sì fi wákàtí kan wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, kí ẹnì kan sì jókòó tó lè ka àpò oògùn fún èèyàn, kó fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà ṣàlàyé rẹ̀. Kí ẹni náà má júwe oògùn fún ẹnikẹ́ni.

Owó oṣù ẹni tó máa jókòó yẹn ló kù. A ti mọ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ abẹ́ kánópì dáadáa: olóṣèlú dé, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ya fọ́tò, ìbò parí, kò sẹ́ni tó tún gbúròó wọn. Tí ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun kò bá kọ ipò náà sínú ìwé ìṣúná rẹ̀ lọ́dọọdún, mo fara mọ́ ọn kí wọ́n fi owó náà ra oògùn.