Kí Kéèjì Tó Dé Kútọ̀, Ẹ Tẹ́ Máàtì Sí Òṣíẹ̀lẹ̀

Ariwo tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ ìjà ní Abẹ́òkúta ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn lọ bẹ ilé-iṣẹ́ PFL tó ń ṣètò ìjà inú kéèjì, kí wọ́n gbé kéèjì wọn wá sí pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Ọmọ Nàìjíríà ń gba bẹ́líìtì nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ìdíje onípele-ìpele ní Áfíríkà lọ́dún 2025, kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Cape Town ló ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù Keje, ó kọjá sí Johannesburg lóṣù Kẹjọ, ó dé Kigali lóṣù Kẹwàá, ó sì parí sí Kútọnu lóṣù Kejìlá. Francis Ngannou, ọmọ Kamẹrúùnù, ni alága ìdíje náà nígbà náà. Kútọnu kẹ̀! Àwọn ará Dàhómì tí a lé kúrò lẹ́yìn odi wa ní 1851, tí a tún lé ní 1864, àwọn ló wá gbàlejò ìjà níṣojú wa.

Ó dun èmi náà. Síbẹ̀ n kò sí lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Bí kéèjì bá dé Kútọ̀ lọ́la, ta la fẹ́ kó sínú rẹ̀? Ṣé ọmọ tó ń gbé irin ní Pańsẹ́kẹ́ kí àyà rẹ̀ lè yọ nínú fọ́tò? Àbí ẹni tó kọ́ ìjà lórí fóònù? A ó pe àwọn oníjà wá láti ìlú mìíràn, a ó jókòó, a ó pàtẹ́wọ́, wọn yóò kó owó wọn, wọn yóò sì lọ. Ohun tí mo ń sọ kò ní kọ́rọ̀ nínú: kéèjì ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá títí a ó fi ní ìdíje ìjàkadì ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ló sì yẹ kó jẹ́ orírun rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Japan ná.

Níbẹ̀ ni irú ìdíje yìí ti gogò jù lọ. Lọ́dún 2005, ilé-iṣẹ́ Pride kó ọkùnrin 16 jọ ní Osaka lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé yá. Àwọn mẹ́jọ tó kù pàdé ní Saitama lóṣù Kẹfà. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹjọ, àwọn mẹ́rin tó ṣẹ́kù parí rẹ̀ níbẹ̀ kan náà, Mauricio Rua, ọmọ Brazil tí wọ́n ń pè ní Shogun, sì na Ricardo Arona, ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó gba oyè. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, wọ́n tún jà láti fi dágbére fún ọdún. Ẹ ti rí fídíò rẹ̀: iná, èéfín, ìlù ńláńlá, àti ohùn Lenne Hardt tó ń fa orúkọ oníjà gùn bí akígbe tó ń ki ọba. Iná àti èéfín yẹn ló wọ àwọn ènìyàn wa lójú. Wọ́n rò pé òun ni ìjà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ Japan tó jà lábẹ́ iná náà. Kazushi Sakuraba, ẹni tó bá Royce Gracie fà á fún 90 ìṣẹ́jú ní Tokyo Dome lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nínú ẹgbẹ́ ìjàkadì Yunifásítì Chuo ló ti wá. Hidehiko Yoshida ti gba wúrà judo ní Òlíḿpíìkì Barcelona ní 1992 kó tó fẹsẹ̀ kan Pride. Kò sí èyí tí oníṣòwò ìjà kọ́kọ́ kọ́ nínú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ wọn, oníṣòwò kàn wá ká èso náà nígbà tó pọ́n ni.

Ta ló wá gbin igi náà? Olùkọ́ ni. Jigoro Kano dá Kodokan, ilé-ẹ̀kọ́ judo, sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, kò tíì pé ọdún 22. Ó kó àwọn ìjà àtijọ́ ilẹ̀ rẹ̀ jọ, ó yọ èyí tó lè pa ọmọ ènìyàn kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ń dánra wò, ó sì sọ ìyókù di ohun tí a lè fi kọ́mọ. Iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ni ní Tokyo. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún wa ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ní 1976, èyí tí gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ ni judo ti dé gbogbo abúlé Japan. Lọ́dún 2012 ni ìjọba wọn tún sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjà ìbílẹ̀ wọn.

Ẹ wá wo ohun tó gbẹ̀yìn méjèèjì, Pride àti máàtì ilé-ẹ̀kọ́. Lóṣù Kẹfà ọdún 2006, tẹlifíṣọ̀n Fuji já Pride sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé àwọn ọ̀daràn yakuza wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta ọdún 2007, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ni UFC ti kéde pé àwọn ń rà á. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Pride ja ìjà ìkẹyìn, ó sì di ìtàn. Máàtì ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ní Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, Japan gba wúrà mẹ́sàn-án nínú judo nìkan, ó gba márùn-ún nínú ìjàkadì. Ẹni tó fẹ́ ká lọ tọrọ kéèjì, èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ kọ́ lára Japan?

Tàbí kí n mú ti ará ilé wa wá. Bobby Ologun ń gbé ní Japan, apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ni, Japanese tó ń sọ ní wọ́gọwọ̀gọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní òpin ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ ìjà K-1 gbé e sójú ìjà ní Osaka pẹ̀lú Cyril Abidi, oníjà gidi ọmọ Faransé, Bobby sì borí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó borí Akebono, àgbà oníjà sumo tẹ́lẹ̀. Inú wa dùn, ìwé ìròyìn wa gbé e. Ní ìparí 2006, wọ́n kó o fún Choi Hong-man, ọmọ Korea tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 16, ó ti tán. Mi ò bú Bobby. Ó gbójú, ó sì rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìjà ni mo ń wò: ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ tà ní alẹ́ ọdún tuntun, wọ́n sì rí ọmọ adúláwọ̀ tí wọn yóò fi tà á. Bí kéèjì bá bá wa láìmúra, irú ipò yẹn ló ṣí sílẹ̀ fún wa.

Kamaru Usman ńkọ́? Auchi ni wọ́n bí i sí, a sì jó nígbà tó gba bẹ́líìtì UFC lóṣù Kẹta ọdún 2019. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìjàkadì. Ó kọ́kọ́ jà nílé-ẹ̀kọ́ girama ní Texas, ó sì gba wúrà àwọn yunifásítì ní ìpele kejì wọn lọ́dún 2010 fún Nebraska ní Kearney. Ẹ mọ ohun tí yunifásítì Kearney jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1905? Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni. Kì í ṣe èmi ni mo lọ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Israel Adésànyà sì rèé, orúkọ rẹ̀ nìkan tó fún wa láti sọ ọ́ di ọmọ ìyá wa. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1989. Ó bẹ̀rẹ̀ taekwondo nílé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò nígbà tó fara pa. New Zealand ló ti padà sí ìjà, ọwọ́ Eugene Bareman ní Auckland ló ti di ohun tó dà kó tó gba bẹ́líìtì tirẹ̀ lọ́dún 2019. Mi ò dá ìyá náà lẹ́bi. Èwo nínú wa ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwa kò fún ọmọ náà ní ẹ̀ṣọ́ kankan, a wá ń bá a pín ìyìn.

Mo mọ ohun tí àwọn alàgbà àti àlùfáà yóò sọ: ti ìpáǹle ni ìjà, ìwé ni kọ́mọ mú. Ẹ dákun, ṣé àwọn ọmọ yìí kì í jà ní báyìí ni? Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fi àdá àti àáké lé ara wọn kiri Abẹ́òkúta, láìsí rẹfirí, láìsí agogo tó ń dún pé ó tó. Ọmọ tí wọ́n ti gbé ṣánlẹ̀ ní gbangba, tó dìde, tó bọ ẹni tó dá a lọ́wọ́, ohun tó ti kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ìwàásù kò lè kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ikú ṣòro ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2025, Gabriel Ọláńrewájú, abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò ọmọ Nàìjíríà, ẹni 40 ọdún, ṣubú ní ipele kẹta ìjà rẹ̀ ní Accra, ó sì dákẹ́. Ẹni tó bá fi ikú yẹn bi mí, mo gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́. Ìdí gan-an nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ìjàkadì àti judo ni mo ní kí ọmọ kọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ́ lórí, kò sí ìpá. Ẹni tó bá dàgbà tó sì wù ú láti wọ kéèjì, kó lọ pẹ̀lú ara tí olùkọ́ ti mọ̀ láti kékeré.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé a ti gba àlejò eré ìdárayá tó. A gba àlejò àjọ̀dún eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní 2006, a tún gbà á lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọjọ́ 16 dé 30. Wọ́n tún Kútọ̀ ṣe, ó dára, mo yìn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni. Lọ́jọ́ 31, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ Kano tó ń padà sílé láti ọ̀dọ̀ wa ní jàm̀bá ọkọ̀, ènìyàn 22 kú. Ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀sẹ̀ méjì! Ìdíje tó sún mọ́lé, tó ń wáyé lóṣooṣù, ni oníjà nílò, kì í ṣe àríyá kan lẹ́yìn ọdún gbọọrọ.

Bayelsa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Daniel Igali, ọmọ ibẹ̀, dúró sí Canada lẹ́yìn ìdíje Commonwealth 1994, ó gba wúrà ìjàkadì Òlíḿpíìkì 2000 fún wọn ní Sydney, ó sì padà wá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí Eniwari, ìlú rẹ̀, ó sì di ààrẹ àjọ ìjàkadì Nàìjíríà. Nígbà tí Nàìjíríà máa gba àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ nínú ìjàkadì Òlíḿpíìkì, ọmọbìnrin Bayelsa ló gbà á, Blessing Oborududu, fàdákà, ní Tokyo yẹn kan náà. Àwa Yorùbá ní Ọ̀fà, ìlú tí ẹnikẹ́ni kò lè kì tán láìdárúkọ ìjàkadì. A ní Ọdúnayọ̀ Adékùóròyè, oníjàkadì ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó gba wúrà Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022, fàdákà àgbáyé ní 2017. Ẹ bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀dẹ̀dá bóyá ó mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ eré ìdárayá ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ń mọ egungun àti iṣan ara, wọ́n ń kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n sì ń lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ (TP) ní ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri. Kí ìjàkadì di dandan fún wọn, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má lọ sí TP láìdá ẹgbẹ́ ìjàkadì kan sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Lóṣù Kejì, Ọ̀dẹ̀dá bá Ọbáfẹ́mi-Owódé jà. Lóṣù Kẹrin, Ẹ̀gbá bá Yewa. Ìjẹ̀bú bá Rẹ́mọ, kí wọ́n yanjú tiwọn níbẹ̀. Àwọn mẹ́rìndínlógún tó bá kù ní ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan pàdé ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lóṣù Kẹfà, kí àṣekágbá wáyé ní Kútọ̀ lóṣù Kọkànlá. Dókítà wà níbẹ̀, bí kò bá sí dókítà, kò síjà. Ìlù kò ní wọ́n wa.

Wọn yóò ní kò sówó. Owó pátákó ìkíni tí àwọn olóṣèlú wa máa ń gbé sójú títì bí ọmọ wa kan bá gba nǹkan lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ fi ra máàtì. Ní ti PFL, wọn kò ní kú bí wọ́n bá dúró. Ọdún tí ìdíje tiwa bá pé mẹ́ta, kí wọ́n wá wò ó ní Kútọ̀. Kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi ti gbogbo ènìyàn.