Lẹ́tà sí Àjọ NUC: Ẹnjiníà Náà Nílò Ìtàn

Sí Àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, sí àwọn gíwá, àti sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yunifásítì.



Bí ìdánwò bá ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ọlọ́fótòkọ́pì tó wà lójú ọ̀nà Àkọkà sí Bàrígà kì í ráyè jókòó. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ máa ń gbé wá fún wọn ni hándáòtù GST 112, èyí tí wọ́n pè ní Nigerian Peoples and Culture. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ gbé e wá, ọmọ òfin gbé e wá, ọmọ nọ́ọ̀sì náà gbé tirẹ̀ wá. Wọn á ti fi báírò fa ìlà sábẹ́ àwọn ọdún: 1861, 1914, 1960. Ohun tí wọ́n fa ìlà sí yẹn ni wọ́n máa kà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà mú ọ̀kan nínú A, B, C àti D. Ẹni tó bá ti há a sórí á tẹ ìdáhùn, á jáde, ilẹ̀ ọjọ́ náà lè má tíì ṣú tí gbogbo rẹ̀ á fi ti pòórá.

Lórí ìwé, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ kò fi ìtàn sí i. Ìlànà CCMAS tí ẹ gbé jáde ní 2022 sọ GST 112 di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, yúnìtì méjì gbáko. Ohun tí lẹ́tà yìí ń bá yín fà ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kò yàtọ̀ sí kí wọ́n má kọ́ ọ. Kò kan iṣẹ́ tí ọmọ náà fẹ́ fi jẹun, kò sì kan àdúgbò tó ń gbé.

Ẹ sì wo irú ọmọ tó ń wọlé tọ̀ yín wá. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, wọ́n pò ó mọ́ Social Studies. Ní girama àgbà nígbà náà, ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, ọmọ sáyẹ́ǹsì kì í sì í yà síbẹ̀. Ó di ọdún 2022 kí Adamu Adamu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìdápadà rẹ̀ ní Àbújá. Ọmọ tó wọ Primary 1 ní 2009 ti wọ yunifásítì, òmíràn ti jáde pàápàá. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, GST 112 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni dìídì kọ́ wọn ní ìtàn, òun náà ló sì máa ṣe ìkẹyìn.

Kí ni ẹnjiníà fẹ́ fi ìtàn ṣe? Ìbéèrè tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí ògiri Yunifásítì Èkó tó wà ní Àkọkà. Ní Bàrígà ni CMS Grammar School wà, ilé-ìwé girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ló dá a sílẹ̀ ní 1859 ní erékùṣù Èkó. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1959, ni wọ́n kó o wá sí Bàrígà. Herbert, ọmọ Thomas, kàwé nílé-ìwé yìí kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó padà dé, iṣẹ́ sọ̀fíọ̀ ló ń bá ìjọba ṣe kó tó kúrò níbẹ̀ tó ń ṣe tara rẹ̀.

Herbert Macaulay yìí ló tẹ̀ lé Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Olúwa ní Àpápá. Kóòtù ti ilé ní kì í ṣe owó ilẹ̀ ni wọ́n máa san, pé àṣẹ lásán ni olóyè ní lórí ilẹ̀ náà, owó àṣẹ yẹn ni kó gbà. Ibi tí ẹjọ́ náà há sí, sọ̀fíọ̀ kò lè fi ìwọ̀n nìkan yanjú rẹ̀. Ta ló ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé? Kí ni ìwé tí Ọba Dòsùmú tọwọ́ bọ̀ ní 1861 gbé fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí sì ni kò gbé fún wọn? Báwo ni àwọn ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó bíi Olúwa, ṣe ń pín ilẹ̀ fún ará ilé àti àlejò? Ìtàn ni gbogbo rẹ̀. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olúwa láre: ará ìlú ló ni ilẹ̀, owó ilẹ̀ pátápátá ni kí ìjọba san. Títí di òní, àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà.

Òpópónà ńlá tó la Yábàá kọjá ń jẹ́ Herbert Macaulay. Ọmọ tó ń kọ́ surveying lè wọ dáńfó níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó má mọ̀ pé oníṣẹ́ bíi tòun ló ni orúkọ náà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kò tíì di àná. Ẹ rìn wọ inú Bàrígà tàbí Ṣómólú, ẹ máa rí i lára ògiri, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: “This house is not for sale.” Lábẹ́ ọ̀dà yẹn, ẹ lè bá èyí tó ti ṣá, tí bàbá àwọn tó kọ ti ìsinsìnyí ti kọ síbẹ̀. Ẹjọ́ ẹbí ló wà nídìí púpọ̀ nínú wọn: ta ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ta ló fún ta nílẹ̀, ṣé títà ni àbí fífi ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ní 2016 láti fi dẹ́kun àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń jà lórí dúkìá onídùúkìá. Akẹ́kọ̀ọ́ Estate Management á ka òfin náà, ohun tó bí òfin náà ni kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ètò ìlú ńkọ́? Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ìpayà rẹ̀ ló mú kí ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ tí wọ́n gbé títún ìlú ṣe lé lọ́wọ́. Nígbà tó di 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n ní ó dọ̀tí, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan, Peter Marris, tọ àwọn tí wọ́n kó lọ yìí wò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961: ilé wọn ti dára sí i, ṣùgbọ́n oníbàárà ti dàwátì, ẹbí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ ti fọ́nká. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Síbẹ̀, ìjọba wó àdúgbò Màrókò ní 1990, wọ́n tún wó ilé ní Mákòókò ní 2012. Àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà ń wo gbogbo èyí. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa fọwọ́ sí ìwé ìwólé lọ́jọ́ iwájú ń kàwé lọ́wọ́ ní Àkọkà, etí ọ̀sà kan náà.

Ọmọ kọ̀ǹpútà á ní tòun yàtọ̀. Kó dìde kó lọ sí Ṣómólú, sí Shipeolu tàbí Bajulaiye, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gba ọ̀pọ̀ ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ̀rọ Kord ń dún gbàù-gbàù, ọmọṣẹ́ ń fọ pléètì, ẹnì kan sì jókòó sídìí CorelDRAW, ó ń to prógráàmù ìsìnkú tó jẹ́ Yorùbá. Ó fi máòsì wọ́ àmì tó-ń-tó sábẹ́ lẹ́tà kan, ó wọ́ òmíràn sábẹ́ èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ojú ìwé á fi parí, torí fọ́ǹtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ Yorùbá. Àmì wọ̀nyí kò ṣàdédé wà. Ní 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther darí ìpàdé kan l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 1859 tí CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀, Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Lónìí, nínú Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, “ọ” ní nọ́ḿbà tirẹ̀, “ọ̀” àti “ọ́” kò ní. Ńṣe ni wọ́n máa ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì ohùn. Ẹni tó bá ṣe fọ́ǹtì tàbí kíbọ́ọ̀dù láìmọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan wà fún, àmì á fò kúrò lórí lẹ́tà. Ìṣòro kọ̀ǹpútà ni, ìtàn ló bí i.

Ọmọ ìṣègùn náà kò yọ sílẹ̀: dókítà ìṣègùn ni Obadiah Johnson. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, parí ní 1897 nù, tí ẹ̀gbọ́n sì kú, òun ló jókòó ti àkọsílẹ̀ tó kù tó tún un kọ. Ó kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921. Ká ní ó sọ pé abẹ́rẹ́ lòun kọ́, ìtàn kọ́, kí là bá máa kà?

Àwọn ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì náà ní ẹ̀bi tiwọn ńbẹ̀. Dípò kí wọ́n gbé ìtàn lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣẹ́ ìmọ̀, orúkọ ni wọ́n ń wá kún orúkọ: Strategic Studies ní Yunifásítì Èkó, International Studies ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), Diplomatic Studies ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó yé ènìyàn. Òbí ò fẹ́ rówó sílẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìtàn lásán. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì Èkó yìí kan náà, òpìtàn ni Sàbúrì Bíòbákú tó di gíwá ní 1965, òpìtàn sì ni Jacob Adé Àjàyí tó ṣe é láti 1972 sí 1978. Kò sẹ́ni tó ní ìmọ̀ wọn kéré sí ti ẹnjiníà.

Pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nípa ibi tí wọ́n ti wá, àwọn aládùúgbò wa ti ń ṣe é. Ní Legon, nílẹ̀ Gánà, kò sí ọmọ tó máa gboyè láìkọ́ African Studies, yálà òfin ló ń kọ́ tàbí físíìsì. Òkè òkun ńkọ́? Òfin ìpínlẹ̀ Texas ní kí ọmọ yunifásítì ìjọba gba yúnìtì mẹ́fà nínú ìtàn Amẹ́ríkà, ó sì lè fi mẹ́ta nínú rẹ̀ kọ́ ìtàn Texas. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì ìjọba ní Houston á kọ́ ìtàn ibi tó ń gbé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àkọkà lè máà mọ ohunkóhun nípa Bàrígà.

Ẹ máa sọ pé ẹrù ti wúwo jù lórí àwọn ọmọ. Òótọ́ ni, lẹ́tà yìí kò sì bẹ̀bẹ̀ fún yúnìtì kan lé méjì tó wà ńlẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń béèrè. Èkíní, kí ìdajì GST 112 jẹ́ ìtàn iṣẹ́ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kọ́, kí òpìtàn kan àti oníṣẹ́ kan jọ máa kọ́ ọ. Èkejì, kí ìdánwò A, B, C, D yẹn dópin; kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ bi ènìyàn léèrè, kó sì kọ ohun tó rí: sọ̀fíọ̀ lórí ilẹ̀ ìdílé kan, ọmọ kọ̀ǹpútà lórí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, nọ́ọ̀sì lórí bí àwọn ìyá àgbà Bàrígà ṣe ń bímọ kí ọsibítù tó pọ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kó èyí tó bá dára jù jọ lọ́dọọdún, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ibi ìkàwé yunifásítì àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

CCMAS fúnra rẹ̀ ti fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá wù ú sí i. Bí àtúnṣe GST 112 bá máa pẹ́ ní Àbújá, ẹ̀yin Sẹ́nẹ́ẹ̀tì lè fi ìdá ọgbọ̀n yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka méjì, surveying àti kọ̀ǹpútà, ní sáà tó ń bọ̀.