Eyín Ọmọ Kì Í Dúró Dọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Bìní mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń yà sí kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tún fẹ́ gbéra, ẹnì kan lè dìde láàárín èrò, á gbàdúrà ìrìn àjò, á ní kí gbogbo wa ṣe àmín, lẹ́yìn náà ni á na páálí oògùn sókè. Ó wo ẹ̀fọ́rí, ó wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó wo inú rírun. Kápúsù pupa àti yẹ́lò kì í wọ́n lọ́wọ́ irú wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló ti mọ̀ ọ́n láti kékeré: wọ́n á tú u, wọ́n á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò, bí inú bá ń run ènìyàn, wọ́n á pò ó mọ́ omi.

Tetracycline lorúkọ rẹ̀. Òun ni mo torí rẹ̀ mú gègé, nítorí aboyún lè gbé e mì nínú ọkọ̀ lónìí, kí àmì rẹ̀ jáde lẹ́nu ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá ní ọjà Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Òdìgbó pé ìgbà wo ni eyín ọmọ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní, bó bá pé oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà ni a rí i. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá a.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ọlẹ̀ ti wà nínú, nígbà tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, tí ìyá mìíràn ṣì ń sọ pé nǹkan oṣù òun ló kàn pẹ́, awọ inú ẹnu ọlẹ̀ náà á nípọn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, lókè àti nísàlẹ̀. Kókó kéékèèké á yọ lára okùn yìí, mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀. Eyín 20 tí ọmọdé ń hù nìyẹn. Kókó kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ dà bí fìlà. Bó bá tún ṣe díẹ̀, á dà bí agogo. Inú agogo yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin oyún ni kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ń wọ ibẹ̀, tí eyín sì ń le. Bí ọmọ bá fi máa dáyé, eyín rẹ̀ ti wà lábẹ́ èrìgì, ó ń retí ọjọ́ tirẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nínú ara tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n rẹ́ eyín bí bíríkìlà ti ń rẹ́ ilé. Eèpo líle tó bo eyín ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí eyín tó yọ síta, wọ́n ti parí iṣẹ́, wọ́n sì kú tán. Egungun tó dá lè jinná. Eèpo eyín tó bá bàjẹ́ kì í hù padà.

Ibi tí tetracycline ti ń ṣọṣẹ́ nìyẹn. Bó bá bá kálísíọ̀mù pàdé nínú eyín tó ń le, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Eyín á yọ ní yẹ́lò, oòrùn á pa á, á di ràkọ̀ràkọ̀ tàbí eérú. Ẹ̀dá mìíràn á máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí èrìgì á fi ṣẹ̀jẹ̀, àwọ̀ náà ò ní lọ, nítorí inú ló wà. Ewu yìí bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin oyún títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́jọ, torí pé eyín àgbà náà ń le lábẹ́ èrìgì nígbà tí ọmọ ṣì ń fi eyín kékeré rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ìyá tí kò lo kápúsù nínú oyún ṣùgbọ́n tó tú u fún ọmọ ọdún mẹ́ta ò tíì bọ́.

Bí ẹ bá ti lò ó kí ẹ tó mọ̀ pé oyún wà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ má sì tún lò ó mọ́. Nígbà ètò Abíyè tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe fún aboyún, lásìkò Gómìnà Olusegun Mimiko, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá aboyún nílé. Ẹ má dúró de ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn báyìí. Bí nǹkan oṣù bá ti fò, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún yín lóògùn, kí "mo lóyún" jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yín. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹja kéékèèké teegunteegun. Ẹ fi páragà sílẹ̀ fún ẹni tí kò lóyún (èmi ò tilẹ̀ gba òun náà níyànjú): ọtí tí ìyá bá mu ń dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀.

Ó wá ku ti eyín híhù. Bí ara ọmọ oṣù méje bá gbóná, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ìyá àgbà á ní eyín ni. Ẹ bá mi rò ó: eyín tó ti wà níbẹ̀ láti inú oyún, kí ló dé tó fi máa di àrùn lónìí? Lóòótọ́, èrìgì lè máa dun ọmọ, itọ́ lè máa dà. Ṣùgbọ́n àsìkò yìí gan-an ni ọmọ ń rá, tó ń kó gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu, tí ààbò tó gbà lára ìyá sì ń dínkù. Ìdọ̀tí ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru; ibà ẹ̀fọn lè wà nídìí ara gbígbóná. Ẹ fún un ní omi ORS, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ń fún ní oògùn eyín nígbà tí ibà ń jẹ ẹ́ lè kú sọ́wọ́.

Oògùn eyín fúnra rẹ̀ ti pa ọmọ rí. Ní ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin bẹ̀rẹ̀ sí í ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́. Wọn ò lè tọ̀ mọ́. Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Kẹ́míkà olóró tó ń jẹ́ diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀. Ọmọ 84 ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọn, torí kí ọmọ lè hu eyín wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ṣe rà á. Ọdún 2013 ni ilé ẹjọ́ tó rán àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje.

Èyí tó kù ni ọmọ tí a bí teyínteyín, tàbí tó kọ́kọ́ hu ti òkè. Láyé àtijọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n á máa wá ẹbọ kiri. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Eyín tó yá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwú fà á lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kì í tètè dá. Ẹ fi han dókítà. Bó bá ń mì, tó lè já sọ́nà ọ̀fun, òun ni yóò mọ bí yóò ṣe yọ ọ́. Bí kò bá mì, ẹ fún ọmọ lọ́mú.