Ẹ̀dà Àtijọ́ Kì Í Ṣe Pàǹtí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni í ní ẹ̀dà iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́nà mẹ́wàá: “ìkẹyìn”, “ìkẹyìn pátápátá”, “ìkẹyìn gan-an”. Àwọn mìíràn a sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Git, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005, lè to irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra bí ìtàn, tí a ó fi rí ohun tí ó yí padà láti ọ̀kan dé èkejì. Diomidis Spinellis, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gíríìsì, ṣe bẹ́ẹ̀ fún Unix, ètò kọ̀ǹpútà tí a bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Orí tákàdá ni a ti rí àwọn tí ó pẹ́ jù nínú ẹ̀dà náà!

Ṣùgbọ́n kí olùtò ṣọ́ra. Bí kò bá sọ ọjọ́ àti orúkọ fún Git, ọjọ́ òní ni yóò kọ sí iṣẹ́ àtijọ́, orúkọ olùtò ni yóò sì kọ sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Irọ́ ni èyí, bí a kò tilẹ̀ gbèrò rẹ̀. Níbi tí ẹ̀dà kan bá sì ti sọnù, kí ó fi àlàfo náà sílẹ̀, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó sọnù.