Ta Ni Yóò Gba Ọ̀pá Lọ́wọ́ Pásítọ̀?

Nígbà tí Pásítọ̀ Josiah Akíndayọ̀mi, olùdásílẹ̀ ìjọ Redeemed, papò dà ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, wọ́n tú ìwé tí bàbá náà ti ní kí wọ́n lẹ̀ pa, wọ́n sì kà á sétí ìjọ. Orúkọ ẹni tí yóò jẹ alábòójútó àgbà ìjọ náà lẹ́yìn rẹ̀ wà níbẹ̀: Enoch Adéjàre Adébóyè, ọmọ Ifẹ̀wàrà. Kì í ṣe ọmọ bàbá, kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ọdún 1973 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìjọ tí wọ́n ti ń jọ́sìn ní Èbúté-Mẹ́ta láti 1952. Kò dùn mọ́ gbogbo àgbà ìjọ nínú.

Àwọn Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Akíndayọ̀mi bímọ, síbẹ̀ ìdí ọmọ ẹlòmíràn ni ó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí.

Bí ó ṣe tọ́ ọmọ náà ni mo fẹ́ kí àwọn pásítọ̀ wa rò dáadáa. Ọmọ Oǹdó ni Akíndayọ̀mi, inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni ó ti jáde wá, kò sì mọ̀wé. Adébóyè ń kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1975. Nígbà tí bàbá bá ń wàásù ní Yorùbá, ọ̀mọ̀wé yìí ni ògbufọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ó ní láti dákẹ́, kí ó gbọ́, kí ó tó la ẹnu. Lójú tèmi, kò sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tó ju ìyẹn lọ. Bàbá ń wo ìwà rẹ̀, ọmọ ń gba ọkàn bàbá sínú.

Lónìí ńkọ́? Ẹ wo pátákó ìjọ tó kún àdúgbò wa: àwòrán pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ni igbákejì, àkọ́bí ni ó ń bójú tó àpò ìjọ, àbúrò sì wà nínú ìgbìmọ̀ agbatọ́jú ohun ìní ìjọ. Àwọn opó àti ọlọ́kadà tó ń san ìdámẹ́wàá kò mọ ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀. Bí bàbá bá kú, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ ìjọ ń já sí.

Àwọn kan yóò ní Áárónì náà gbé iṣẹ́ àlùfáà fún ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run ni ó sì pa á láṣẹ fún ìdílé náà. Ṣùgbọ́n Hófínì àti Fíníhásì, ọmọ Élì tó ba iṣẹ́ àlùfáà jẹ́, inú ìdílé kan náà ni wọ́n ti jáde. Mósè bí Gáṣómù àti Élíésérì. Síbẹ̀, Jóṣúà tó ń ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó gba ipò.

Mi ò sọ pé kí ìjọba wá yan olórí fún ìjọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, òfin ìjọba kan fẹ́ kí olórí ìjọ kúrò nípò lẹ́yìn 20 ọdún, tàbí tó bá pé ẹni 70 ọdún. Nítorí rẹ̀ ni Adébóyè ṣe fi Joseph Ọbáyẹmí ṣe alábòójútó ti Nàìjíríà, òun sì wà nípò ti àgbáyé. Kò pẹ́ tí ìjọba fi dá òfin náà dúró. Bàbá Adébóyè ti kọjá 80 ọdún báyìí, ìjọ Redeemed náà yóò tún dáhùn ìbéèrè 1980.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ yan arọ́pò yín nígbà tí ojú yín ṣì dá ṣáká, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, owó yín ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Níbi ìpàdé ọdún tó ń bọ̀, ẹ dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ àwọn agbatọ́jú tó wà lákọsílẹ̀.