Gílóòbù Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń gbé etí odò tí òùngbẹ sì ń gbẹ. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ni a kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan sí tí ó ń fi gáàsì ṣe iná, a sì ṣí i ní ọdún 2007. Lẹ́yìn náà ni a kọ́ èkejì tì í. Wáyà gbọọrọ ń gbé iná wọn kọjá lórí ọ̀pẹ àti oko ẹ̀gẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 2014 ni ọ̀pọ̀ ìlú ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, Òkìtìpupa àti Ìrèlè nínú wọn, ti bọ́ sínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí àríyànjiyàn lórí gbèsè owó iná. Àwọn ọmọ kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jáde níbẹ̀, láìrí iná ìjọba nínú ilé bàbá wọn.

Nígbà tí ó rí bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù di aláṣẹ iná ara rẹ̀. Ẹni tí ó lówó díẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ẹni tí ó lówó jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé páńẹ́lì sólà sí orí òrùlé. Ẹni tí kò lówó padà sídìí àtùpà àti tọ́ọ̀ṣì. Ìyípadà yìí ni ó sọ irú gílóòbù tí a ń fi sí iyàrá di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ní ayé ìgbà tí kò sí mítà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, tí a kàn ń fojú díwọ̀n owó iná lóṣooṣù, ta ni yóò máa ro iye iná tí gílóòbù ń jẹ? Àwọn mìíràn a máa tan ti ẹ̀yìnkùlé tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé-epo mọ ohun tí alẹ́ kan ń ná an, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Irú gílóòbù mẹ́ta ni àwọn ènìyàn mọ̀. Èkínní ni ti àtijọ́, èyí tí okùn wáyà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Thomas Edison ará Amẹ́ríkà àti Joseph Swan ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó wúlò ní nǹkan bí ọdún 1879. Iná a gba inú wáyà náà kọjá, wáyà a gbóná títí yóò fi pọ́n, a sì máa tàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ooru ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìmọ́lẹ̀ kàn ń bá a rìn ni. Bí a bá fún un ní iná ọgọ́rùn-ún náírà, ìmọ́lẹ̀ tí yóò dá padà kò ju ti náírà márùn-ún tàbí díẹ̀ lé lọ. Ní ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ kí ó tó lè sùn, ó ṣòro láti mọ ìdí tí a ó fi máa sanwó fún ooru. Èkejì ni gílóòbù funfun tí ó lọ́ bí ìwo àgbò. Ẹ̀kẹta ni LED, tí kò ní wáyà gbígbóná rárá. Ègé tíntìntín kan nínú rẹ̀ ni ó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí a bí ní ilẹ̀ Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014 nítorí pé wọ́n ṣe irú èyí tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ aró, èyí tí ó ṣí ọ̀nà fún LED funfun.

Ìṣirò inú ọ̀rọ̀ yìí kò le. Kí a mú ilé kan tí ó ní gílóòbù mẹ́fà, tí wọ́n ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ oníwáàtì 60, wáàtì 360 ni gbogbo wọn ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, iná oṣù kan yóò sì jẹ́ yúníìtì 54. Bí ó bá jẹ́ LED oníwáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dín sí ti èkínní, wáàtì 54 ni gbogbo wọn, iná oṣù kan kò sì ju yúníìtì 8 àti díẹ̀ lọ. Nǹkan bí wákàtí 1,000 ni ti àtijọ́ ń lò kí ó tó jó, èyí tí kò pé oṣù méje nínú ilé tí a sọ yìí. LED gidi a máa lo wákàtí 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó ju ọdún mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí àwọn tí ń ta gílóòbù kì í sọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í mu epo ní ìwọ̀n gílóòbù nìkan. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní láti máa yí, ìbáà jẹ́ gílóòbù kan ni ó gbé tàbí mẹ́wàá, epo tí ó sì ń mu láti yí lásán kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, ẹni tí ó pààrọ̀ gbogbo gílóòbù rẹ̀, tí ó tún ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí márùn-ún bí ti tẹ́lẹ̀, yóò rí i pé epo rẹ̀ dín, ṣùgbọ́n kò dín tó bí ó ti rò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wí káàkiri pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ LED. Kì í ṣe irọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni kò tí ì pa.

Bátìrì ni ibi tí èrè wà. Bátìrì kan tí a kọ 12 fóòtì àti 100 Ah sí lára kó iná tí ó tó wáàtì 1,200 fún wákàtí kan, a kò sì gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kí irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà pẹ́. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́fà yóò jẹ ìdajì náà tán kí wákàtí méjì tó pé, kí ọmọ tó parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. LED mẹ́fà yóò lò ó fún alẹ́ méjì. Èyí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ju ní ilẹ̀ Hausa lọ, nítorí pé ní ìgbà òjò, ojú ọ̀run lè ṣú fún ọjọ́ mélòó kan tí páńẹ́lì kò fi ní rí oòrùn tí ó tó kó. Ilé tí ó ń lo iná díẹ̀ nìkan ni ó lè fara dà á láìtún sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, kí èéfín rẹ̀ sì máa wọlé tọ àwọn tí ó sùn.

Ní ti owó, àwọn tí ń ráhùn kò jẹ̀bi. LED gidi wọ́n ju ti àtijọ́ lọ, ẹni tí owó ọ̀la kò sì dá lójú kò lè fi owó òní ra èrè ọdún mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ìjọba ilẹ̀ Gánà kò fi fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àpò olúkúlùkù ní ọdún 2007, nígbà tí omi Akosombo fà tí iná kò sì tó mọ́: wọ́n kó mílíọ̀nù 6 gílóòbù lílọ́ wọ̀lú, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi pààrọ̀ ti àtijọ́. Níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò pín in, kí a máa rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èkínní sì lọ sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà pẹ̀lú. Kí ẹni tí ń rà á wo páálí rẹ̀ fún lúmẹ́ẹ̀nì, èyíinì ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀: èyí tí yóò rọ́pò oníwáàtì 60 ní láti tó 800. Bí a kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, kí ó dá a padà fún ẹni tí ń tà á. Àwọn àgbà tí ń wí pé ìmọ́lẹ̀ LED funfun jù, tí ó ń gún wọn lójú, kí wọ́n béèrè èyí tí ó pọ́n bí ti àtùpà, ó wà.

Gílóòbù lílọ́ ni ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, nítorí pé mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, ó sì ní májèlé. Bí ó bá fọ́, kí a ṣí fèrèsé, kí gbogbo ará ilé jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; kí a má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a, kí a má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan án. Páálí líle ni a fi ń kó o sínú ike tí ó ní ìdérí.

Àwọn tí ń sin adìẹ nìkan ni a kò lè bá jà lórí gílóòbù àtijọ́. Òròmọ adìẹ ọjọ́ kan kò ní ìyá tí yóò ràdọ̀ bò ó, ó sì ń fẹ́ ooru tọ̀sán-tòru ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. LED kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá rí iná tí ó tó, kí wọ́n so oníwáàtì 100 tiwọn kọ́ sókè àgò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa gbóná.