Òrìṣà Kò Ní Ká Má Ṣọ́ Ilé

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ yé sọ pé òrìṣà nìkan ni yóò ṣọ́ ère àjogúnbá yín. Ṣé ẹni tó ń bọ Ògún kì í ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ni? Ìwé adójútòfò ilé kì í sábà san owó ìkún-omi. Ère ìbejì tí a kò sì dárúkọ sínú rẹ̀, wọ́n lè kà á sí ẹrù àlòkù lásán. Ẹ pe ẹni tó mọ iye wọn, ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́, owó kò lè ra àṣẹ padà. Ṣùgbọ́n bí olè bá kó wọn tà, àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò jẹ́rìí pé tiwa ni. Kí ibi tó dé ni à ń rúbọ.